Ibi tí Oníkálukú Yóò Dúró

Ẹ̀yìn káàdì ìpè tí wọ́n ṣi orúkọ ọkọ mi kọ
ni mo to gbogbo rẹ̀ sí.
Fótò kìíní: èmi àti Yéyé, lábẹ́ igi ọsàn,
kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn Olósùnta.

Ìkejì ni kò jẹ́ kí n sùn.
Bàámi àti Bàbá Fámúyìwá, àbúrò wọn,
kì í kí ara wọn
láti ọdún tí ẹnìkan ti fa pèrègún ààlà tu.

Ayàwòrán ní, "Ẹ fi àga sáàárín."
Àga òfìfo?

Mo bi Ìyá Àgbà, ó ń pa ẹ̀pà lọ́wọ́.
Kò gbójú sókè:
"Èmi ni kó o gbé jókòó síbẹ̀.
Màá di àwọn méjèèjì lọ́wọ́ mú.
Sọ fún un kó má kánjú tẹ̀ ẹ́."