Ihò Apá Òsì

Ọdún tí ilé-ìwé ti pa ní Kétu,
tí ìjọba ń jẹ wá lówó oṣù títí oṣù fi di ọdún,
mo ní ogójì kàyé tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí,
abẹ fẹ́lẹ́ kan, rúlà onígi,
àti àsìkò.
Bàbá mi àgbà, Abíálà, jókòó lẹ́nu ọ̀nà,
awọ funfun ti bo ojú rẹ̀ bí awọ orí ẹ̀kọ.
Ó ní, "Tíṣà tí kò rí ọmọ kọ́,
bá mi ṣe Àṣá."

"Àṣá wo?"
"Ọkọ̀ òfurufú ogun. Ẹlẹ́nìkan. Èyí tí mo ń ru epo fún."
Àwọn Faransé ní orúkọ tiwọn fún un,
orúkọ gígùn tí a ń gbẹnu yí bí iṣu gbígbóná.
Àṣá ni òun ń pè é láti ọjọ́ náà wá.

Ó ń sọ, mo ń wọ̀n.
Imú gùn ju ìdí lọ. Abẹ̀bẹ̀ iwájú ní ewé mẹ́ta.
Ẹ̀yìn pátápátá ni awakọ̀ ń jókòó sí,
bí ẹni tó gun ẹṣin, tó bá ara rẹ̀ nídìí ìrù.
Mo fi kàyé mẹ́rin ṣe ara,
mo lẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele pẹ̀lú lẹ́ẹ̀ gbáàgúdá
tí ìyàwó mi rò nínú agolo mílíìkì.
Kàlẹ́ńdà báńkì tó ti kógbá sílé ni mo fi ṣe apá:
ó le, ó ń dán,
bí a bá gbé e sókè, oṣù Agẹmọ hàn lábẹ́ rẹ̀.
Bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì mi ni táyà. Ọ̀rá búrẹ́dì ni gíláàsì.
Àwọn tí ń ti Ìlárá gbé jálá epo bọ̀ dúró wò mí:
"Tíṣà, ṣé èyí ń gba Kútọnu?"

Apá òsì ló dá mi lóró.
Bébà kì í gbàgbé. Ibi tí o bá ti ká a lẹ́ẹ̀kan,
ibẹ̀ ni yóò máa fẹ́ ká sí.
Wọ́n ti bi í tipẹ́ nílùú yìí:
ta ní í tú iké? Ta ní í tú ìlú?
Mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́fà.
Iké náà kò tú.
Mo fi orí abẹ́rẹ́ tẹ ojú ìṣó lọ́kọ̀ọ̀kan;
mo ka ẹgbẹ̀ta, n kò kà mọ́.

Oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí mo gbé e fún un
ọyẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.
Ìka rẹ̀ rìn láti imú dé ìrù bí èèrà.
Ó dé apá òsì, ó dúró.
"Ihò dà?"
"Ihò wo, Bàbá?"
"Èyí tó gbé bọ̀."

Ọmọ náà kò tíì hu irùngbọ̀n, ó ní.
Ife kan náà ni àwọn jọ fi ń mu kọfí
bí ọ̀gá kò bá sí nítòsí.
Ó balẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ihò
tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé.
"Èmi ni mo ge aṣọ. Èmi ni mo fi lẹ́ẹ̀ sí i.
Mo lẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń di egbò ọmọ rẹ̀.
Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí wọ́n tún ní kó gbéra.
Bóyá àbùlẹ̀ mi ló ṣí ni o,
bóyá ìbọn mìíràn ni…"
Ó fi ìyókù sẹ́nu.

Mo mú abẹ. Ọwọ́ mi kọ̀.
Ibi tó fi ìka tẹ̀, orí iké yẹn gan-an ni.
Mo gún un. Ó dún pẹ́, bí èékánná tó ṣẹ́.
Ó ya etí aṣọ rẹ̀, ó ti ìka bọ agolo lẹ́ẹ̀,
ọwọ́ tí ń gbọ̀n láti ọdún mẹ́wàá
kò gbọ̀n mọ́.
Ó fẹnu fẹ́ ẹ, fẹ́ẹ́, fẹ́ẹ́.

"Gbé e sínú ilé," ó ní. "Dọ́la ni yóò gbẹ.
Má jẹ̀ẹ́ kó gbéra lónìí."