Ká Wò Ó, Ká Wó O

Mùdàṣírù bíríkìlà fi èèkù òòlù kan ògiri,
ó gbé etí lé e bí agbẹ̀bí.
Lápá ibi àtẹ̀gùn, ó dún gbì.
Lápá ilé ìdáná, ó dún kò, kò, kò,
bí akèrègbè tó ti gbẹ.
Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó ní,
"Ẹ̀gbọ́n, ilé yìí ń sọ òótọ́ lápá kan,
ó ń purọ́ lápá kejì."

Mo ní, èló ni àtúnṣe?
Ó dárúkọ owó kan.
Mo ní, èló ni ká wó o, ká tún un kọ́ láti ilẹ̀?
Ó dárúkọ òmíràn, ó rẹ́rìn-ín:
méjèèjì ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra wọn.
Owó ìtọ́jú aláìsàn, owó ìsìnkú,
àpò kan náà ni wọ́n ti ń jáde.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ináṣíò rèé, bàbá bàbá mi,
ní Láfíàjì, níbi tí ojúlé ti fara ti ojúlé
bí èrò tí oorun ń gbé lọ.
Òdòdó sìmẹ́ńtì wà lókè fèrèsé;
ọ̀kan já bọ́ sórí ọkọ̀ aládùúgbò, a san owó gíláàsì.
Ikán ti jẹ pátákó àjà tán,
wọ́n fi ọ̀dà sílẹ̀ kó máa dá dúró.
Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ríbi wọ̀.
Tiwa ti lanu tipẹ́;
aláǹgbá inú rẹ̀ ti di onílé.
Bí ọ̀sà bá sì kún, omi á gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé
láìkí ẹnikẹ́ni.

Ìbídùn pè láti Kánádà:
"Ẹ kọ́ àjà mẹ́rin, ẹ gba ayálégbé.
Ẹ̀gbọ́n, ìrántí kì í san owó iná."
Tèófílù ti bá kọ́ńtírátọ̀ sọ̀rọ̀, ó ti rí àwòrán:
fèrèsé dúdú, géètì dúdú,
kò sí àgbàlá tí èèyàn á ti sá aṣọ.
Èmi nìkan ni mo ń wí pé ká tún un ṣe.
Ẹ wo igi ìdìmú àtẹ̀gùn yìí,
àtẹ́lẹwọ́ òkú àti alààyè ló mú un dán bẹ́ẹ̀.
Ẹ wo ìlà pẹ́ńsù lára férémù ilẹ̀kùn,
ibi tí ìyá wa ti ń wọn gíga wa lọ́dọọdún.
Gbogbo ìlà dúró lọ́dún tí ó kú.
Ẹni tó bá wò ó pẹ́, kò ní lè wó o mọ́.
Bẹ́ẹ̀ ni mo rò.

Lálámìsì, Mùdàṣírù gbẹ́lẹ̀ wo ìpìlẹ̀,
ṣọ́bìrì rẹ̀ kọlu ohun kan tó le.
Kì í ṣe ìpìlẹ̀ ilé wa.
Ògiri mìíràn ni, amọ̀ pupa, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan,
ó gba abẹ́ pálọ̀ kọjá, ó kọrí síbi tó wù ú.

Mo sáré lọ bá Àǹtí Fìlómẹ́nà lórí ibùsùn.
Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ kedere.
"Háà," ó ní, "ilé ìyá bàbá mi nìyẹn.
Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wó o.
Wọ́n ní ìyá náà jókòó síta lórí àpótí,
kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi kan òrùlé tuntun.
Lọ́jọ́ tó gòkè, ó mí hẹlẹ hẹlẹ, ó ní,
àtẹ̀gùn yìí ti pọ̀ jù,
ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń wọlé."

Ẹ má tíì bi mí léèrè ibi tí mo bá a dé.
Ogún àpò sìmẹ́ńtì tí mo rà wà lábẹ́ àtẹ̀gùn,
lórí pákó, mo fi ọ̀rá bò ó.
Sìmẹ́ńtì ò mọ àtúnṣe, kò mọ àtúnkọ́,
omi nìkan ló mọ̀.
Wọ́n ti sún ìpàdé ẹbí sí ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀.
Láàárọ̀ yìí, mo fi ìka tẹ àpò ìsàlẹ̀:
igun kan ti le.