Ìlà Pupa

Ọjọ́ Tọ́sìdé ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì iléèwé,
máàpù kan tó fẹ̀ tó ẹní ọmọ ìkókó.
Kubwa wa nìyẹn, wọ́n tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ẹran tí a fẹ́ kun,
bírò pupa gba àárín rẹ̀ kọjá.
Mo fi ìka tọ ìlà náà:
ó ti ọ̀dọ̀ afárá bọ̀, ó kọjá níwájú ẹ̀rọ ìlọta,
ó dé gọ́tà wa, ó dúró díẹ̀, àbí ojú mi ni,
ó wá gba inú gọ́tà náà lọ bí omi ìdọ̀tí.
Òsì ìlà: ilé Ládì, ìyá Àsábé.
Ọ̀tún ìlà: èmi, Fìyìnfólú ọmọ mi,
àti igi máńgòrò tí ilé méjèèjì jọ ń ká.

Kàfíńtà ni mí.
Àga mẹ́rìnlélógójì ló wà ní kíláàsì kẹta àti ìkẹrin.
Mo mọ iye wọn nítorí èmi ni mo kàn wọ́n,
lọ́dún tí ẹgbẹ́ òbí dá owó, tí owó ò pé,
tí mo ní ẹ ra ìṣó wá, ọwọ́ tèmi, ọ̀fẹ́ ni.
Orí ọ̀kan nínú wọn ni Fìyìnfólú ń jókòó.
Ó fi abẹ gbẹ́ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ ẹ̀;
mo bá a wí, mo dé ẹ̀yìn ilé, mo rẹ́rìn-ín.
Ní báyìí wọ́n ní iléèwé rẹ̀ wà lódìkejì títì márosẹ̀,
níbi tí tírélà kì í ti í dúró de ọmọdé.

A ṣèpàdé. Gbọ̀ngàn kún, fáànù ò yí.
Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì, kaftánì rẹ̀ funfun,
ó ní akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ jù, ó ní àlàyé wà nínú ìwé,
ó ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin mítà péré ni.
Bàbá Terkimbi bi í pé: "Ṣé ẹ ti fẹsẹ̀ rìn ín rí?"
Ó ṣí ìwé, ó wò ó, kò bá ẹsẹ̀ níbẹ̀.
Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn: àwọn ilé olówó tuntun tó wà lókè lọ́hùn-ún,
báwo ni ìlà ṣe yà bàrá lọ kó wọn mọ́ra?
Ẹni tí a bi ń nu gíláàsì ojú.

Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.
Àwọn wọ̀nyí fá a tán, wọ́n wá pè wá ká wá wo dígí.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Zhokwo dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú.
Haúsá ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ò ga:
"Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n gbé irú ìlà yìí wá.
Oko bàbá mi bọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ní ìlú ńlá ń bọ̀.
Mo sùn nílé mi, mo jí nílé ìjọba.
Dúdú ni bírò tiwọn."
Ó jókòó. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́.
Ọkùnrin ọ́fíìsì kọ nǹkan sílẹ̀,
bóyá orúkọ bàbá náà ni, bóyá owó epo tó fẹ́ lọ gbà.

Ilà wà lójú bàbá tó bí mi.
Ọjà yòówù kó wọ̀, wọ́n á mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.
Èyí tí wọ́n fà sójú máàpù yìí,
ọmọ ẹni tí a kì í ṣe ló ń sọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìlọrin kì í jẹ́ kí n mú pẹ́ńsùlù
kí n tó fi àtẹ́lẹwọ́ pa pákó lára láti orí dé ìdí.
"Wá kókó rẹ̀ rí," á ní,
"bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ayùn á kọ́ ọ lọ́gbọ́n."
Ta ló fọwọ́ pa Kubwa lára?

Àárọ̀ Mọ́ńdè nìyí. Àwọn ọmọ méjèèjì dúró létí gọ́tà,
yúnífọ́ọ̀mù Àsábé ti ṣá, ti Fìyìnfólú ṣì ń rùn bí aṣọ ṣọ́ọ̀bù.
Wọ́n kán kúlíkúlí kan sí méjì.
Àsábé fò wá, Fìyìnfólú fò lọ, ẹ̀rín ń pa wọ́n,
àfi bí ẹni pé gọ́tà lásán ni.
Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú. A kọjú sí títì.
Hámà wà lápò mi,
n kò mọ ohun tí mo gbé e wá ṣe.