Ẹṣin Márùndínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́.
Ní poro kẹtàlá, lóko wa lẹ́yìn Ìṣarà,
mo bẹ̀rẹ̀, mi ò lè nàró mọ́.
Ṣódíyà ọmọ mi ló fà mí dìde
bí ẹni ń fa ẹ̀gẹ́ tu lẹ́yìn òjò.
Owó ìfẹ̀yìntì ti dé,
ẹ̀yìn tí n óò fi tì ni kò sí mọ́.

Mo ní ká ra katakata.
Kì í ṣe ràbàtà tó ń tú ilẹ̀ ìjọba o,
èyí kékeré, tó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀,
fún éékà mẹ́fà àti ààbọ̀.
Ìyá mi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, ní:
“Báwo lagbára rẹ̀ ti tó?”
“Ẹṣin márùndínlọ́gbọ̀n, Màmá.”
Wọ́n wo àgbàlá yíká, wọ́n wo ìdí ọ̀pẹ.
“Níbo lẹ ó so wọ́n mọ́?”

Ní Èkó, ọmọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun
fi ẹlẹ́ṣin àádọ́rin hàn mí, pupa fòò.
“Bàbá, ẹ gùn ún wò.”
Mo gùn ún. Mi ò ní í purọ́, ó dùn;
mo rí orí òrùlé onílé láti orí ìjókòó.
Mo ní bó bá kú sáàárín oko ńkọ́?
Ó ní kí n tẹ àwọn láago.
Aago kì í tún ẹ̀rọ ṣe.

Mo padà délé, mo yọ igi ọkọ́ bàbá mi,
èyí tí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ ilà méje sí lára.
Mo fi wọn poro. Mo fi wọn ẹnu ọ̀nà oko.
Mo fi wọn afárá pákó orí odò,
afárá sì lọ́rọ̀ tirẹ̀ sọ:
igi méjì àti ilà mẹ́ta, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ẹlẹ́ṣin àádọ́rin ì bá jókòó sínú omi.

Lẹ́yìn ilé epo kan ní Ìpẹru
ni mo ti bá Ìyáàfin Ọ̀sìfẹ̀sọ̀,
gírísì lábẹ́ èékánná.
Kò fi ẹ̀rọ kankan hàn mí.
“Ilẹ̀ yín, iyanrìn ni àbí amọ̀?
Kùkùté wà níbẹ̀? Ta ni yóò máa wà á?”
Láti ìgbà tí mo ti fi kíláàsì sílẹ̀
kò sẹ́ni tó bi mí ní ohun tí mo mọ̀ tó bẹ́ẹ̀.
Mo fìka nu pẹpẹ rẹ̀ bí alábẹ̀wò ilé ìwé:
asẹ́ epo, bẹ́líìtì, nọ́ọ̀tì oríṣiríṣi,
kò sí eruku.
Ọjà tí eruku ò bò, òun ló ń rìn.

Tòkunbọ̀ kan wà níbẹ̀, owó rẹ̀ wọlẹ̀,
aago rẹ̀ ní wákàtí ẹgbẹ̀rún péré ló ti ṣiṣẹ́.
Obìnrin náà fúnra rẹ̀ ló ní kí n wo bíréèkì:
irin tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ ti jẹ wọnú.
“Aago lè purọ́, Bàbá. Àtẹ́lẹsẹ̀ kì í purọ́.”
Ibẹ̀ ni mo ti mọ ẹni tí n óò kówó fún.

A ná tuntun títí oòrùn fi yẹ̀ lórí.
Ìjẹ̀bú lòun, Rẹ́mọ lèmi;
kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Kò tíì dé. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dá.
Ṣódíyà àti káfíńtà ń pààrọ̀ pákó afárá,
mo ń gbọ́ òòlù wọn láti ilé.
Lówùúrọ̀ yìí mo bá ìdí ọ̀pẹ ní gbígbá,
ó mọ́ tónítóní,
wọ́n gbé abọ́ omi ńlá síbẹ̀.
Mi ò bèèrè. Mi ò dà á nù.
Katakata náà á kúkú mu omi.