Káàdì Inú Agolo Tábà

Bàbá mi kì í dédé sọ̀rọ̀ ogun.
Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa ń kọjú sí,
wọ́n á jókòó sórí ọkọ̀ tó ti ń jò,
abẹ́rẹ́ àwọ̀n lọ́wọ́, okùn ọ̀rá lẹ́nu,
agolo tábà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn.
Tábà ò sí nínú rẹ̀ mọ́ láti ọdún tí wọ́n ti Làìbéríà dé.
Káàdì kan ló wà níbẹ̀, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
òógùn ti jẹ etí rẹ̀,
ẹ̀jẹ̀ ta sí igun kan.
Wọn ò sọ ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ́ fún wa.

Bí àwa ọmọ Òkè-Bàlógun bá ti ilé kéú dé,
wọ́n á ní, "Ráhámátù, ka ti àkọ́kọ́."
Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba fi kọ ọ́.
Sájẹ́ǹtì Múmúnì ló tú u sí èdè wa,
ọ̀rọ̀ kan, ojú àwọ̀n kan,
ọ̀rọ̀ kan, ojú àwọ̀n kan:

Ẹni tó ju ìbọn sílẹ̀ tó nawọ́ sókè
kì í ṣe ọ̀tá mọ́. Ènìyàn ni.
Ẹni tó gbọgbẹ́, tọ́jú rẹ̀,
ì báà ṣe òun ló yìnbọn sí ọ lánàá.
Má sun oko olóko.
Má da májèlé sí kànga.
Ilé ìwòsàn kì í ṣe ibùba.
Obìnrin kì í ṣe ìkógun.
Ọmọdé kì í ṣe ọmọ ogun,
ẹni tó gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ ló jẹ̀bi.

Kámórù ọmọ káfíńtà bú sẹ́rìn-ín:
"Bàbá, ṣé ìwé lè dá ọta ìbọn dúró?"
Bàbá mi fi eyín gé okùn.
"Ìwé ò dá ọta dúró.
Ìka tó wà lórí ìbọn ni ìwé ń bá sọ̀rọ̀."

Ó di alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun iṣáà,
tí iná NẸ́PÀ ti lọ, tó ku àwa méjì,
ni wọ́n tó sọ ìyókù.
Nínú ẹrẹ̀ kan, láàárín igi ẹ̀gbà,
ọmọkùnrin kan jáde, ìbọn rẹ̀ gùn jù ú lọ,
gèlè ìyá rẹ̀ ló fi wé orí.
Ó nawọ́ sókè.
Kọ́pùrù ní, "Ẹ pa á, àwọn ló pa Tìámíyù láàárọ̀."
"Mo fa káàdì yọ. Ilẹ̀ ti ṣú, mi ò rí i kà.
Mo kàn dì í mú ni."
Wọ́n gbé ọmọ náà dé àgọ́ alágbèélébùú pupa,
wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé
kí ìyá rẹ̀, bó bá ṣì wà láyé,
lè mọ ibi tí yóò wá a sí.

"Ọjọ́ kejì ń kọ́, Bàbá?"
Omi gbá ìdí ọkọ̀, ó tún gbá a.
"Orí afárá ni. Ọkùnrin kan, wọ́n dì í lápá sẹ́yìn.
Ọ̀gá mi ló dúró tì í.
Káàdì wà lápò mi.
Odò ni mo ń wò."

Ìgbà tí ojúmọ́ mọ́, mo bá wọn ká àwọ̀n.
Inú ń bí mi. Mo ní, "Òfin yín kún fún ihò,
ẹja ńlá ń fà á ya, ó ń bá tirẹ̀ lọ."
Wọn ò bínú.
"Ojú ni, kì í ṣe ihò.
Apẹja tó mọ ọ̀sà ló dá a sí
kí ọmọ epìyà lè rí ibi gbà lọ.
Èyí tí ẹja ńlá fà ya, ìyẹn ni ihò.
Òun là ń jókòó tì láràárọ̀."
Wọ́n na abẹ́rẹ́ sí mi.

Mo bi wọ́n ní orúkọ ọmọ inú ẹrẹ̀ yẹn.
Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwé.
Mi ò béèrè ti ọkùnrin orí afárá.
Àwọn ló fúnra wọn sọ ọ́, wọ́n ń wo omi:
"Kò sẹ́ni tó kọ tiẹ̀."