Àwòrán Tí Kò Sí Ènìyàn Nínú Rẹ̀

Èmi ni mo ya á.
Ẹ má wá ẹlòmíràn lọ.
Ní ọ́fíìsì kan l'Ádó, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
fáànù ń fẹ́ mi lẹ́yìn, tíì ń tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà,
mo ya ilé-iṣẹ́ tí yóò máa sọ ẹ̀gẹ́ di sítáàṣì n'Ìkọ̀lé.
Mo fi fáàfù méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn,
ọ̀kan fún omi tútù, ọ̀kan fún ooru,
wọ́n dọ́gba bí eyín iwájú,
nítorí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe dára lójú ìwé.

Nínú àwòrán mi, ilẹ̀ kì í ṣú.
Kò sí ọyẹ́ tí í sọ ìka di igi.
Kò sí ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀ kó tó wá síṣẹ́ alẹ́,
tàbí ẹni tí ibà ń ṣe ọmọ rẹ̀ nílé.
Ọfà ni mo yà, láti táńkì dé táńkì.
Ọfà kì í sín, kì í tòògbé.

Aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá,
ogójì agogo ìkìlọ̀ figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà,
bí ilé tí gbogbo ọmọ ń sunkún
tí ìyá kò mọ èyí tí iná jó.
Gílóòbù tó wà lókè fáàfù ti kú láti ọ̀sẹ̀ méjì.
Fasúbàá nawọ́ sí omi.
Ooru ló dá a lóhùn.

Ìwé tí wọ́n kọ kò ju ojú ewé kan lọ:
*Ohun tó fà á: àṣìṣe òṣìṣẹ́.*
Mo fọwọ́ sí i.
Mo lọ jẹun.

Ó di oṣù kẹta kí n tó lọ wo ohun tí mo bí.
Ìbírónkẹ́ ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀.
Ó dojú kéréètì mínírà délẹ̀, ó gun orí rẹ̀,
kí ọwọ́ rẹ̀ lè tó ibi tí ọwọ́ tèmi tó.
Ó ti fa gèlè àtijọ́ kan ya,
ó wé e mọ́ fáàfù ooru. Ó fi ìko di ti omi.
"Bí iná bá lọ, ọwọ́ mi á mọ èyí tó rọ̀."
Ọdún márùn-ún ni mo fi kàwé,
n kò bá àkísà yẹn pàdé nínú rẹ̀.
Mo ní, ṣé o ti sọ fún wọn?
Ó ní, "Isi?"
bí àwa Èkìtì ti í béèrè pé ta ni.

Bàbá bàbá mi gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ ní Ayédùn.
Bí o bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, á ní, "Mú ọwọ́ wá ná."
Á wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ, á wo ìgúnpá,
á ní kí o bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń roko,
á bi ọ́ bóyá ilẹ̀ olókùúta ni tàbí àkùrọ̀,
gbogbo èyí kó tó fọwọ́ kan igi.
Bí ẹ̀rúkọ́ bá sì bó ọ lọ́wọ́,
kò jẹ́ sọ pé ọwọ́ ló ṣàṣìṣe.
Igi ló ń dá padà sábẹ́ àáké.

Mo dé ilé Fasúbàá nírọ̀lẹ́.
Ó dìde. Òsì ló nà sí mi.
Ó ní kí n má bínú,
pé òun mọ̀ pé a kì í fi òsì kí àlejò.
Èmi ló ń bẹ̀.

Ìwé funfun tuntun wà lórí tábìlì mi báyìí.
N kò tíì fa páìpù kankan.
Mo ya kéréètì mínírà kan sí igun ìsàlẹ̀,
mo jókòó, mo ń wò ó.