Abọ́lọ́rùn Sàmárù

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé ìyá ńlá wọn wá láti Ọ̀fà,
nínú agbọ̀n tí ìyá ìyàwó mi fi ìró gbígbó bò lórí.
Wọ́n bi í ní Kàdúná pé kí ló wà níbẹ̀.
Ó ní ẹrù ọmọ ni.
Ẹrù ọmọ sì kọ kákáká lójú ẹni tó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Ọrùn rẹ̀ ṣófo, ó pupa bí apá ọmọ tuntun.
Tàlátù ará ilé kejì gbé òrí wá
pé ká fi pa á, ara rẹ̀ kò yá.
Mo ní bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.
Ó ní, "Tò."
Kò gbà mí gbọ́.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé.
Mo ní ìwé kan, aláwọ̀ ewé, tí mo mú kúrò níbi iṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì:
akọ wo ló gun abo wo,
èwo ló sàba lé méjìlá tó pa mọ́kànlá,
èwo ló ń jẹ ẹyin ara rẹ̀, olè ilé.
Bàbá kì í gun ọmọ rẹ̀ ní àgbàlá mi.
Bí ọdún méjì bá ti pé, màá gbé akọ kan lọ sí Gíwá,
màá fi ṣe pààrọ̀ lọ́wọ́ Múdì, a ó sì jà lórí owó ìlé.

Oyèkúnmi ń pè láti Àbújá:
"Bàbá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àgíríìkì fi ń tó pa."
Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà!
Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tèmi ṣì ń kọ́ bí òjìji àwòdì ṣe rí.

Ọdún tí lùkúlùkú wọlé lẹ́yìn ọyẹ́,
ó kó mẹ́tàdínlógójì láàárín ọjọ́ mẹ́rin.
Ilẹ̀ le bí àwo. Mo gbẹ́ kòtò,
mo tò wọ́n síbẹ̀ bí ẹni to bàtà.
Ìyàwó mi kò jẹun lálẹ́ yẹn.
Ọ̀kan ṣoṣo ló kù, lábẹ́ ìkòkò omi tó ti fọ́,
ẹyin mẹ́ta lábẹ́ ara rẹ̀,
ó ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo pa ìyókù.
Ìyàwó mi sọ ọ́ ní Àṣẹ́kù.
Gbogbo èyí tí ẹ rí tó ń tú ilẹ̀ yìí,
abẹ́ ìkòkò yẹn ni wọ́n ti jáde.

Ó ti di ọdún méjì tí mò ń dá nìkan fọ́n dúsà.

Láàárọ̀ yìí mo mú Àṣẹ́kù.
Oṣù márùn-ún, kò yé.
Oyèkúnmi sì ń mú ìyàwó àfẹ́sọ́nà bọ̀.
Bìlyá, ọmọ ọmọ Tàlátù, bá mi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.
Mo fún un lómi tútù. Ó mu ún.
Ọ̀bẹ mú. Ìyẹn ni mo lè ṣe fún un.

Kí omi gbóná, kó má hó; bó bá hó, awọ á bó.
Ọrùn kò ní ìyẹ́, iṣẹ́ dín.
Mo fi koríko gbígbẹ wi irun wẹ́wẹ́,
mo la ikùn, mo yọ òróòro, kò bẹ́.
Mo wá rí wọn.
Ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní èèpo,
èyí tó tẹ̀ lé e pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́,
òmíràn tó hóró àgbàdo, òmíràn tó ẹ̀wà,
títí dé orí èyí tí kò ju jéró lọ.
Ọ̀la ni ì bá yé. Tàbí ọ̀túnla.

Bìlyá ní, "Bàbá, làfíyà?"
Mo ní èéfín ni.

Mo nu ọwọ́, mo ṣí ìwé.
Níbi tí mo ti ń kọ ohun tó pa wọ́n,
lùkúlùkú, ológbò, àwòdì, ọ̀kadà Sàní,
mo kọ orúkọ ara mi.

Ọmọbìnrin náà bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀,
ó gbójú sókè, ó rí àwọn ọmọ Àṣẹ́kù lẹ́bàá ògiri.
"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Kí ló ṣe wọ́n lọ́rùn?"
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Mo ní kó lọ gba òrí lọ́wọ́ Tàlátù.